Àtẹ tí Mi Ò Pa fún Títà

Ìtijú ló jẹ́ kí n ṣe ìkànnì náà. Láti kékeré, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìbéèrè níwájú èèyàn méjì, ohùn mi á wọlé lọ bí orí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ní ilé ìwé, tíṣà á ní kí n dìde kí n ka ìwé sókè. Mo máa ń dìde. Kíkà ni n kì í lè kà á. Ìwé kejì ní girama ni mo ti dúró, kì í sì í ṣe ìtijú ló dá mi dúró. Ẹsẹ̀ bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹnì kan sì ní láti máa bá a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní Ọ̀mù-Àrán ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lójú ọ̀nà tó jáde lọ sí Arandun. Rédíò ni bàbá mi ń tún ṣe. Nígbà tí mo fi máa gbọ́n, àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé rédíò wá mọ́. Tọ́ọ̀ṣì àti fóònù ni wọ́n ń gbé wá. Ṣùgbọ́n lórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ohun tó fi ń yẹ rédíò wò láti ìgbà èwe rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sì gbà kí eruku bà lé wọn. Èmi ni mò ń nù wọ́n.

Àwọn òyìnbó tó ṣe wọ́n kọ orúkọ sí wọn níwájú. Bàbá mi kò pe orúkọ yẹn rí. Ó ní orúkọ tó fún wọn fúnra rẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ni mítà dúdú kan tó ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lábẹ́ dígí. Bàbá mi á fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan inú rédíò, abẹ́rẹ́ á sì rìn láti sọ bí iná bá ń kọjá níbẹ̀ tàbí kò kọjá. Akígbe ni àpótí irin kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rán ohùn kan ṣoṣo, píí, wọ inú rédíò tó ti dákẹ́. Bàbá mi á máa tẹ̀ lé igbe náà láti ibì kan dé ibòmíràn, ibi tí igbe bá ti kú, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Ojú-omi ló tóbi jù nínú wọn. Ó ní ojú roboto aláwọ̀ ewé, tó tó ọmọ àwo kékeré. Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan máa ń gba àárín rẹ̀ kọjá, bí ohùn bíi ti Akígbe bá sì ti wọ inú rẹ̀, ìlà náà á máa ru sókè sódò bí odò tí wọ́n sọ òkúta sí. Àwa nìkan là ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé: bàbá mi, ìyá mi, bọ̀ọ̀dá mi tó jẹ́ àkọ́bí, àti èmi.

Ohun kan wà tí bàbá mi kì í fojú fò. Bí a bá fẹ́ gbé Alábẹ́rẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ mú ẹnu wáyà méjèèjì, á lọ́ wọn mọ́ ara wọn. Ó ní tí ẹnu wọn bá ti pàdé, abẹ́rẹ́ kò ní lè máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì ní forí gbá ògiri inú rẹ̀ títí tó máa fi ṣẹ́. “Pọ̀n ọ́n kó o tó gbé e,” ló máa ń wí, bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni.

Nígbà tó kú, lọ́jọ́ àdúrà fídáù rẹ̀, àwọn ẹbí jókòó láti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀ọ̀dá mi ti Èkó wá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. “Èyí àbúrò mi ló mọ̀ wọ́n. Kó wà lọ́wọ́ rẹ̀.” Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, fóònù ni mò ń bá àwọn èèyàn ṣáájì nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń wo oríṣiríṣi nǹkan lórí fóònù tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èèyàn lè ní ìkànnì tirẹ̀ lófẹ̀ẹ́, kó gbé àwòrán sí i, kó kọ ohun tó mọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì rí ojú rẹ̀. Mo rò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbé àwọn ohun èlò bàbá mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, kí oòrùn tó le, mo sì tẹ́ ìró funfun ìyá mi sábẹ́ wọn.

Ìyá mi yọ sí mi. “Ìró tí mo fi ń lọ kírun! Ṣé ìyàwó lo fẹ́ sọ Akígbe dà ni?”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n ya àwòrán rẹ̀ ná.”

“Yà á. Kó má ṣáà ta epo sí mi láṣọ.”

Iṣẹ́ náà pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń kọ ọ́, á parẹ́, mo máa ń tún un kọ. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń nu dígí Alábẹ́rẹ́. Mo kọ pé kí wọ́n tan Ojú-omi, kí wọ́n fi sílẹ̀ kó móoru kí wọ́n tó bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ pípọ̀n náà. Gbogbo ohun tí ẹnu mi kò lè sọ rí, ìka mi sọ ọ́.

Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá mi, ojú ẹsẹ̀ ló pè.

“Àbúrò mi! Àṣé báyìí lo ṣe gbọ́n tó! Ṣùgbọ́n orúkọ yìí, ‘Àwọn Ohun Èlò Bàbá Mi,’ ó gùn jù. Pè é ní Ìpàtẹ. Ìpàtẹ Rédíò. Ṣé o ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpàtẹ àwòrán ní Èkó ńbí ni? Àwọn èèyàn ńlá ló máa ń wọṣọ wá wò ó.”

Mo mọ ìpàtẹ. Ẹni tó to iṣu síwájú ilé lọ́dọ̀ wa, ó pàtẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí bọ̀ọ̀dá mi sọ ni mo gbọ́, ti àwọn tó wọṣọ wá wòran. Ó wù mí. Mo yí orúkọ náà padà.

“Nọ́ńbà ta lo wá kọ sísàlẹ̀?”

“Mi ò kọ nǹkan kan.”

“Ah-ah! Tí ẹnì kan bá ní ìbéèrè ńkọ́? Ìwọ tí wọ́n á ní kó o kí èèyàn lórí fóònù, tí wàá sá wọ yàrá! Kọ tèmi sí i. Èmi á máa dá wọn lóhùn.”

Mo rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọn kò pọ̀, àmọ́ wọ́n ń kọ̀wé. Bàbá kan ní Òrò, tó ní òun ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán Akígbe pé: “Ọmọ mi, irú èyí ni wọ́n fi wá àìsàn rédíò bàbá tèmi. Bí mo ṣe ń wò ó yìí, mò ń gbọ́ igbe rẹ̀.” Mo kà á títí tí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Mo dá a lóhùn, òun náà tún kọ, a wá di ojúlùmọ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi náà kò jẹ́ kí n sinmi. “Ya ẹ̀yìn Ojú-omi. Ya ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí. Tàn án, kó o yà á nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ibi tó bá ti họ, má fi pa mọ́ o.” Mo rò pé àárò bàbá wa ló ń sọ ọ́. Mo máa ń yà á, mo máa ń fi ránṣẹ́, inú mi á dùn pé a jọ ń ṣe nǹkan.

Lẹ́yìn òjò kan lọ́sàn-án, ọkọ̀ kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ dé fìlà, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Asàlámù àlékùn. Ṣé ibí ni Ìpàtẹ Rédíò?”

Kò sí ẹni tó fi ẹnu pè é níwájú mi rí. Mo nu bẹ́ǹṣì fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èmi! Mo fi wọ́n hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ orúkọ wọn. Mo tan Akígbe kó gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Orúkọ wọn dùn o,” ó wí. Ó jáde, ó sì gbé páálí àti fóòmù wọlé láti inú búùtù ọkọ̀ rẹ̀. “Alábẹ́rẹ́ àti Akígbe ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n ẹ ní ká fi èyí tó tóbi yẹn sílẹ̀, pé ẹlòmíì ń bọ̀ wá gbé e tí Iléyá bá dé.”

“Gbé e lọ síbo?”

Ó wò mí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Ìlọrin ni mo ti wá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ ti parí gbogbo ẹ̀. Àbí wọn ò sọ fún ẹ ni?”

Òun ló fi fóònù rẹ̀ pe bọ̀ọ̀dá mi, ó sì gbé e fún mi. “Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má dójú tì mí lọ́dọ̀ Àlááji. Gbé e fún wọn. Èmi àti ẹ á sọ̀rọ̀.” Ó pa á.

Ìyá mi ti jáde wá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún ìborùn rẹ̀ wé. “Bọ̀ọ̀dá ẹ ni,” ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. “Kò ní í ṣàìnídìí. Ká má jà níwájú àlejò.”

Ọkùnrin náà gbé Akígbe sínú páálí. Ó wá gbé Alábẹ́rẹ́ mọ́ra, wáyà méjèèjì ń fì sísàlẹ̀.

“Ẹ dúró,” mo wí. “Ẹ ò tíì pọ̀n ọ́n.”

Kò yé e. Mo mú ẹnu wáyà náà, mo lọ́ wọn mọ́ ara wọn bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe, mo fà á wò kó má tú. Mo ní kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní mo ṣeun, ọmọ dáadáa ni mí. Ó lọ.

Mo kọ̀wé sí bàbá ará Òrò náà pé Akígbe ti lọ, àti bó ṣe lọ. Èsì rẹ̀ kò pẹ́. “Ọmọ mi, mo ti pe nọ́ńbà yẹn nígbà kan láti kí ọ. Ọkùnrin tó gbé e kò jẹ́ kí n kí i tán tó fi bi mí pé èló ni mo fẹ́ san. Mo rò pé ilé yín ló fẹnu kò sí i. Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn.”

Mo tún gbogbo ojú ìwé ìkànnì náà wò. Nọ́ńbà bọ̀ọ̀dá mi wà lábẹ́ gbogbo àwòrán, ìka tèmi ló tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àwọn tí mo rò pé wọ́n wá kí wa, ẹnu ọ̀nà ọjà ni mo ń mú wọn lọ. Mo yọ nọ́ńbà náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi tèmi sí i. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń ṣe é.

Bọ̀ọ̀dá mi wá fún Iléyá. Ó ti ń pariwo láti inú ọkọ̀: “Oníìpàtẹ! Wá gba ẹ̀bùn ẹ!” Fóònù tuntun ni, nínú páálí. “Kí fọ́tò ẹ lè máa mọ́ sí i.”

Mi ò gbà á. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé mi. Mo ń wo bàtà rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò sọ fún mi.”

“Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ìwọ náà lo kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé ìpàtẹ. Kí ni wọ́n ń ṣe sí nǹkan tí wọ́n bá pàtẹ? Ṣé ojú ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ ni?”

“Ẹ ní wọ́n máa ń wá wò ó.”

“Wọ́n wò ó, ó wù wọ́n, wọ́n rà á. Irin àtijọ́ ni, jàre. Bàbá ò sí nínú ẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ lọ́jọ́ fídáù pé kó wà lọ́wọ́ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè tó rọrùn. “Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wá a.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣì wà lára mi. Nígbà tó rò pé wọn kò níye lórí ló fún mi. Àwòrán tí mo yà àti ohun tí mo kọ ló kọ́ ọ pé wọ́n níye lórí, ló bá gbà á padà.

Fóònù ọwọ́ mi dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni.

“Ẹ kú ọdún o. Mo rí nọ́ńbà yìí lórí sáìtì yín. Bọ̀ọ̀dá kan ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, lórí èyí tó ní ojú aláwọ̀ ewé yẹn. Ṣé kí n máa bọ̀ lọ́la?”

Bọ̀ọ̀dá mi na ọwọ́. “Gbé e wá. Ìwọ tí o kì í lè sọ̀rọ̀.”

Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo kọjú sí pẹpẹ. “A ò tà á,” mo wí. Ohùn mi tín-ín-rín, ó sì ń gbọ̀n. Mo tún un sọ. “Kì í ṣe títà, sà. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ lè wá wò ó.”

Ọkùnrin náà ní kí n má bínú. Ó pa á.

Bọ̀ọ̀dá mi ní, “Àṣé o lè sọ̀rọ̀,” ó sì jáde. Ó ti gbé fóònù tuntun náà sílẹ̀ sórí pẹpẹ, gẹ́ẹ́ láàárín àmì ibi tí ẹsẹ̀ Akígbe wà tẹ́lẹ̀. Ìyá mi di ẹran ọdún fún un nígbà tó ń padà sí Èkó. Mi ò sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Láti ìgbà náà, fóònù ìyá mi ló ń pè, kì í pe tèmi. Èmi ni mò ń bá ìyá mi ṣáájì rẹ̀.

Mo ti dá orúkọ tí bọ̀ọ̀dá mi ní ó gùn jù padà sórí ìkànnì náà. Lábẹ́ Alábẹ́rẹ́ àti Akígbe, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò sí nílé mọ́. Bí iná ìjọba bá dé, mo máa ń tan Ojú-omi, màá jẹ́ kó móoru bó ṣe yẹ. Ìlà rẹ̀ á yọ láàárín ojú aláwọ̀ ewé náà, á sì dúró gbọọrọ, kò ní mì. Èyí tó máa ń ké sí i ti wà ní Ìlọrin.