Orógbó Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀

Ìwé tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́ kò ju ojú kan lọ, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko ni mo sì fi kà á. Kíláàsì karùn-ún ni mo wà nígbà tí ìyá mi kú tí mo fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Màá ka ọ̀rọ̀ kan, màá dúró, màá tún padà sẹ́yìn. Bàbá mi jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Dókítà máa ki okùn kan bọ bàbá mi lẹ́nu. Okùn náà ní iná lórí, ó sì ní ohun tí wọ́n fi ń ríran. Ọ̀nà ọ̀fun ni yóò gbà lọ sínú ikùn, kí wọ́n lè rí ohun tó ń bá bàbá mi jà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú lọ́jọ́ tó ṣáájú, bàbá kò gbọdọ̀ jẹun mọ́. Láàárọ̀, wọn kò gbọdọ̀ mu omi, wọn kò gbọdọ̀ fa sìgá, wọn kò gbọdọ̀ rún ohunkóhun lẹ́nu. Kí ẹnì kan sì tẹ̀lé wọn wá. Nọ́ọ̀sì tó fún mi níwèé náà ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí nǹkan bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá bí okùn ṣe ń wọlé, kó sì ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ènìyàn lè tibẹ̀ kú.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. 

“Ẹ̀ẹ̀kan ni n ó lọ,” ni wọ́n wí. “Bí wọn ò bá rí i lẹ́ẹ̀kan yẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ sínú mi.”

Mo mọ̀ pé wọn kì í yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni inú ti ń run wọ́n. Wọ́n á fi ọkọ́ sílẹ̀ láàárín ebè, wọ́n á lóṣòó, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà. Ṣòkòtò tí mo rán fún wọn lọ́dún tó kọjá, okùn ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ìdí.

Àwa mẹ́ta là ń gbé nínú ilé náà lọ́nà Okpomẹ́ta: bàbá mi, èmi, àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó tọ́ mi dàgbà, tí mò ń pè ní Màmá. Nígbà tí Màmá gbọ́ pé èmi ni màá tẹ̀lé bàbá lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tí adìẹ ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ? Ta ni yóò gbóhùn rẹ ní Àjàṣẹ́?” Wọn ò parọ́. Bí mo bá dé ọjà Kétu, ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ nà sí mi ni mò ń gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn nínú ilé wa tó gbọ́ Faransé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Màmá ló ṣọ́ bàbá mi jù. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbé ìkòkò ẹ̀kọ sínú yàrá wọn. Wọ́n fi àwo de àmù, wọ́n sì gbé òkúta lé e. Bàbá mi béèrè pé ṣé ewúrẹ́ ni àwọn ni.

“Ewúrẹ́ sàn jù ọ́ lọ,” ni Màmá dá wọn lóhùn. “Wọ́n lè so òun mọ́lẹ̀.”

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Ọjọ́bọ̀ nígbà tí a múra tán. Táksì ń dúró dè wá létí títì. Bàbá mi ti gbé ẹsẹ̀ kan kí wọ́n fi kọjá ìloro, Màmá bá jáde láti yàrá wọn. Orógbó wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, oyin díẹ̀ wà nínú àwo kékeré.

Nínú ilé wa, ọmọ tó bá ń lọ síbi ọ̀rọ̀ líle kì í kọjá ìloro láìjẹ orógbó. Ó gbọ́dọ̀ rún un, kó sì gbé e mì. Ẹni tó bá tu ú dànù, àdúrà ló tu dànù. Nígbà tí mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, èmi náà jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyá mi ń rọbí tí wọ́n sáré gbé wọn lọ lórí alùpùpù, kò sẹ́ni tó rántí orógbó. Ìyá mi kò padà wálé. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń tọ́jú orógbó sábẹ́ ìrọ̀rí wọn.

Wọ́n fi í sí ẹnu bàbá mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wúre. Wọ́n ní yóò gbó, yóò tọ́, ọ̀nà tó bá lọ ni yóò bá bọ̀. Bàbá mi ń rún orógbó. Mo gbọ́ bó ṣe ń fọ́ lẹ́nu wọn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni í já àdúrà gbà lẹ́nu àgbà? Mo wo ilẹ̀. Nígbà tí Màmá parí, èmi náà bá wọn ṣe àṣẹ.

Nínú táksì, mò ń sọ fún ara mi pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Nígbà tí a fi máa dé Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kéré lójú mi.

Àwọn ènìyàn ti kún orí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì kan mú ìwé dání, ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó béèrè pẹ̀lú Faransé pé láti àná, ṣé nǹkan kan ti wọ ẹnu bàbá yìí? Mo yí i sí Yorùbá fún bàbá mi.

“Sọ fún un pé rárá,” ni wọ́n wí. “Ebi ń pa mí.”

Wọn kò parọ́. Lójú tiwọn, àdúrà kì í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà yóò gbà jáde. Bí mo bá sọ òtítọ́, wọn yóò dá wa padà, bàbá mi kò sì ní wá mọ́, ohun tó wà nínú wọn yóò máa jẹ wọ́n lọ. Bí mo bá sọ pé rárá, okùn náà yóò wọlé bá orógbó.

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé wọ́n ti jẹ nǹkan. Ó ní òun kò gbọ́. Mo tún un sọ, ó sì le débi pé àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí wa. Ó béèrè pé kí ni wọ́n jẹ. Mi ò mọ orógbó ní Faransé. Mo ní èso kan ni, ó le, ó korò, àwọn àgbà fi ń wúre fún ènìyàn. Kò bá mi wí. Ó fa ìlà la orúkọ wa kọjá, ó kọ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

“Kí lo sọ fún un?” ni bàbá mi béèrè.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Wọ́n wò mí títí.

“O sọ bàbá rẹ di onírọ́ lójú gbogbo ayé.”

Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Láti ibẹ̀ dé ilé, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ó tó ọjọ́ mẹ́fà. Bí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á dúró títí Màmá á fi wá gbé e fún wọn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwa méjèèjì ń yan àgbàdo, Màmá bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni orógbó kan ṣoṣo lè ṣe ènìyàn níbi. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró fún wọn bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́. Màmá wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

“Ọwọ́ èmi yìí náà?” ni wọ́n wí. 

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, bàbá mi fa àpótí wọn sí ẹ̀bá ògiri. “Mú ìwé yẹn wá.”

Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tó ní kí wọ́n má rún ohunkóhun lẹ́nu, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí n padà síbẹ̀. Mo padà síbẹ̀. Wọ́n mi orí pé àwọn gbọ́, wọ́n sì wọlé lọ sùn.

Láàárọ̀, Màmá jáde sí ìloro pẹ̀lú oyin àti orógbó.  Wọn kò lè nà án sí bàbá mi, wọn kò sì lè mú un padà. Bàbá mi mú orógbó náà ní àtẹ́lẹwọ́ Màmá, wọ́n yíjú, wọ́n fi í sí ọwọ́ mi.

“Bá mi jẹ ẹ́,” ni wọ́n wí. “Ẹnu rẹ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Fi bá mi gba àdúrà yìí náà.”

Màmá wo èmi, wọ́n wo bàbá mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọwọ́ lé bàbá mi lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wúre, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ojú wọn wà. Mo rún un kúnná, mo gbé e mì. Mi ò fọwọ́ kan oyin.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí náà la bá. Kí n tó yí ìbéèrè rẹ̀ sí Yorùbá, bàbá mi ti mi orí pé rárá. Wọ́n wá nàka sí mi. “Òun ló jẹ ẹ́,” ni wọ́n wí, mo sì sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bọ́ fìlà lórí bàbá mi, ó gbé e fún mi, ó sì mú wọn wọlé.

Egbò ni dókítà rí nínú ikùn wọn. Oògùn rẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ti ń lọ sóko díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní wákàtí yẹn, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo di fìlà náà mú sáyà. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi omi lọ̀ mí. Orógbó ṣì ń korò ní ìdí ahọ́n mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn ṣí ná.