Ihò Mẹ́rìndínlógójì

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ṣì lè pè wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe jókòó sórí pákó. Mi ò ní kọ wọ́n síbí. Púpọ̀ nínú wọn ti kú, ọkọ mi náà sì ti bá wọn lọ, oṣù mẹ́ta rèé.

Ìkòtún la wà nígbà tí owó epo ń pariwo, tí gbogbo ènìyàn ń kọ́lé, tí ilé ìlagi kò sì sinmi. Ọkọ mi ló ń tún mọ́tò iná tó bá jó ká. Kò kàwé. Á gé wáyà tó jó, á ka iye ìgbà tí wọ́n ká a, á sì ká tuntun bákan náà. Èmi ka ìwé mẹ́fà. Ìnjíníà kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ló kọ́ mi ní ìṣirò rẹ̀.

Onílé ìlagi wá gbé mọ́tò kan wá lófìfo. Ó ti ta bàbà inú rẹ̀ fáwọn tó ń ra àlòkù, kò sí ohun tí ọkọ mi máa kà. Ọkọ mi ní òun á ká a bí èyí tí òun ṣe kẹ́yìn, ṣebí ihò mẹ́rìndínlógójì tí wáyà ń wọ̀ náà ló ní.

Mo wo nọ́ńbà ara irin rẹ̀: ẹgbèje ó lé ogójì ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò ìnjíníà ní kí n fi ọgọ́fà sọ eré iná wa, àádọ́ta, di púpọ̀: ẹgbàáta. Mo fi ìyípo yẹn pín in. Mẹ́rin, àti díẹ̀ lé. Díẹ̀ yẹn kò burú, mọ́tò kì í bá eré iná dọ́gba, ó máa ń rẹ̀yìn díẹ̀. Orí òòfà mẹ́rin nìyẹn, ihò mẹ́sàn-án fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì péré ni ti èyí tó ṣe kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ bí orí òòfà bá ṣe kéré tó ni mọ́tò ṣe ń sáré tó.

"Bàálé mi, ẹ jẹ́ n bá yín ka ihò yẹn."

Ó yíjú sáwọn oníbàárà. "Ẹ wá wo tíṣà mi o! Ọdún mẹ́sàn-án nínú ilé mi. Ka ọmọ tìrẹ fún wa ná, ká gbọ́!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, onílé ìlagi rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

Mo kọ "4" sára bébà sìmẹ́ńtì, mo so ó mọ́ etí ìró. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Mo fẹ́ kó jó lójú wọn, kójú ti òun náà.

Kò jó. Nígbà tí wọ́n tàn án láìtíì fi ayùn sí i, ó ń kọrin. "Tíṣà, ṣé o gbọ́?" ni ọkọ mi wí. Wọ́n wá fi ayùn sí i. Ìlọ́po méjì eré tó yẹ ló ń sá. Ayùn ké, ó là, èyí tó fò lára rẹ̀ gé àtàǹpàkò ọ̀tún ọkọ mi àti ìka tó tẹ̀ lé e.

Bí mo ṣe ń fa ìró mi ya láti di ọwọ́ rẹ̀, bébà já bọ́. Ó mọ nọ́ńbà.

"Mẹ́rin lo kọ."

"Mẹ́rin ni."

"Ìgbà wo?"

"Kí ẹ tó ki wáyà àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, èmi ló ń ká wáyà, òun ló ń kà á sókè fún mi. Kò fi mí ṣẹ̀sín mọ́. Kò sì pe orúkọ mi mọ́. Lọ́jọ́ tó ń kú, ó ń pe orúkọ àwọn èèyàn, àtòkú àtalààyè, títí kan onílé ìlagi. Mo jókòó tì í, mo ń retí tèmi.