Fìríìsà Mẹ́jọ ní Ìhunbo

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàrúwà, kì í bá fíríìjì kánjú. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń tún un ṣe nílùú Ìlaròó, mi ò sì rí i rí kó kàn gé páìpù kan kí gáàsì inú rẹ̀ máa sá jáde. Ẹ̀rọ kékeré kan ló fi ń fa gáàsì náà sínú sìlíńdà. Bí oníbàárà bá ń kùn pé ó ń pẹ́, á ní kó lọ ra ọsàn jẹ ná. Èmi Mọ́nsúrátù, àbúrò rẹ̀, tí mo ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, sùúrù yẹn máa ń bí mi nínú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gé páìpù, á dún ṣììì, wọ́n á gbowó. Òun ní tiẹ̀ á jókòó ti ẹ̀rọ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn.

"Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ," ló máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ilẹ̀ ló ń sùn sí. Bí yàrá bá há, á lé afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń mí jáde, kò sì ní rùn débi tí ẹ ó fi fura. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa ṣe é."

Mùnírù, ọ̀kan nínú wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún mẹ́ta gbáko kó tó ṣe fíríídọ̀mù. Ó mọṣẹ́, ara rẹ̀ sì yá, àmọ́ ìyàwó rẹ̀, Toheebat, ti lóyún, ọwọ́ sì le.

Ọwọ́ ta ni kò le nígbà náà? Ìjọba ti bọ́dà pa lọ́dún 2019, fíríìjì àlòkù kò gba Kútọnù wọlé mọ́, iṣẹ́ sì dá páú. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin: kọ́sítọ́ọ̀mù tún ń wọ ilé kiri, wọ́n ń wá ẹrù tó ti wọlé tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn wá dá ọgbọ́n kan. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lára ẹrù tó wà nípamọ́, á wọlé, ẹnì kejì á sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta, kí ẹni tó ń kọjá lè rò pé kò sí èèyàn níbẹ̀. Ọgbọ́n yẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ rí.

Ọdẹkúnlé, oníṣòwò kan ní Ìhunbo, ní fìríìsà ńláńlá mẹ́jọ nínú yàrá tóóró kan tí bàbá rẹ̀ fi ń kó àgbàdo sí. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá bá Bàrúwà pé kó tú gáàsì inú wọn dànù, kó yọ ẹ̀rọ wọn, kí òun lè tà á wẹ́wẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká gbé wọn síta," Bàrúwà wí.

"Síta kẹ̀, Ọ̀gá Bàrúwà? Kí kọ́sítọ́ọ̀mù lè wá kó o? Inú ilé ni o, màá sì tì yín mọ́bẹ̀."

"Ẹ wá ẹlòmíì, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí dé, Toheebat wá kúnlẹ̀ níwájú Bàrúwà pẹ̀lú ikùn rẹ̀ gbẹ̀ǹdù.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí Ọdẹkúnlé wá ẹlòmíì. Ọkọ mi ló gbé e fún. Láàárọ̀ ló ti lọ."

Ojú Bàrúwà yí padà. Ó pe fóònù Mùnírù, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó mú okùn àti òòlù, ó dá ọ̀kadà dúró, èmi náà sì fò gùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ibi tí àwọn aṣọ́bodè dúró sí lójú ọ̀nà tí wọn kò ti ní ká sọ̀kalẹ̀ ká tú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀ wọ́n. Èmi ń bú wọn nínú.

Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí a dé. A pe Mùnírù, a ò gbọ́ nǹkan kan. Aládùúgbò kan ní Ọdẹkúnlé ti lọ máa ṣọ́nà ní oríta, tòun ti kọ́kọ́rọ́. Bàrúwà fi òòlù lu ilẹ̀kùn títí ó fi já bọ́ lódindi.

Mùnírù dojú bolẹ̀ lẹ́bàá fìríìsà kẹrin. Ibi tó lóṣòó sí láti gé páìpù náà ló ṣubú sí. Mo fẹ́ sáré wọlé, Bàrúwà fi apá gbá mi padà.

"Má wọlé! Wàá ṣubú tẹ̀ lé e ni!"

Mo pè é ní ìkà. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lára mi. Ó so okùn mọ́ ìdí, ó fi orí okùn kejì lé mi lọ́wọ́, ó mí kanlẹ̀, ó wọlé. Ó jáde lọ́wọ́ òfìfo, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tún wọlé, ó sì fà á jáde lẹ́sẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń pè é ní orúkọ, títí apá rẹ̀ fi kú. Mùnírù ti lọ tipẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Ìgbà náà ni Ọdẹkúnlé sáré dé. Ó wo òkú, ó wo ẹnu yàrá tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀kùn yẹn dí ibẹ̀ ná. Ọkọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù ń bọ̀."

Bàrúwà tẹ́ ilẹ̀kùn náà sílẹ̀, ó gbé Mùnírù lé e, ó fi fìlà tó fi kírun bò ó lójú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ síbi orí.

"Gbé ibi ẹsẹ̀," ó wí fún Ọdẹkúnlé, ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

Ọdẹkúnlé bojú wẹ̀yìn wo fìríìsà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Àwa mẹ́ta gbé Mùnírù bọ́ sójú títì, a kọrí sí ọ̀nà Ìlaròó, sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.