Ìdí Ìbọn Tí Kíkẹ́ Yàn

Gbogbo ẹni tó bá mọ Akínkúnlé láti ìgbà tó wà ní yunifásítì ní Third Ward, nílùú Houston, ló mọ̀ pé ọkùnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ẹnjiníà ni, ó ga bí igi àgbọn, ohùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìyàwó rẹ̀, Kíkẹ́, kò ga dé èjìká rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, lápá Sharpstown. "Kúkúrú" ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe ní yàrá nìkan ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń pè é bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ, níwájú pásítọ̀, níwájú ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní ilé oúnjẹ. Bó bá ti pè é tán, á rẹ́rìn-ín, á sì máa wojú àwọn tó wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi bá a rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo tí Akínkúnlé fẹ́ràn ju ohùn ara rẹ̀ lọ ni ìbọn rẹ̀. Ìbọn ńlá ni, irú èyí tó ń ki ọta fúnra rẹ̀: bí èèyàn bá ti fà á tó dún, òmíràn ti wọlé. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló ń fi í pa. Ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ bí eṣú nínú oko tó wà lẹ́yìn Houston, wọ́n ń tú ilẹ̀ àgbàdo àti ti ìrẹsì, inú olóko a sì máa dùn sí ẹni tó bá bá a dín wọn kù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bíyìí, tó ń bá èèyàn ta ilé, àti Adétòkunbọ̀, dókítà eyín, ni wọ́n jọ ń lọ sí oko òyìnbó kan lápá Wharton lọ́dọọdún, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀.

Lọ́dún kan, ó mú Kíkẹ́ dání pé kó wá máa se ọbẹ̀ fún àwọn. Nígbà tí wọ́n jẹun yó, ó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Kíkẹ́ ní òun kò fẹ́.

"Yìn ín, Kúkúrú, ká wò ó."

Ìdí ìbọn yẹn, apá ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń gbé ti èjìká, gùn bí apá Akínkúnlé ṣe gùn, kò sì ṣeé fà wọlé. Ọwọ́ Kíkẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tó ibi tí wọ́n ti ń fà á. Ìdí ìbọn kò bọ́ sí èjìká rẹ̀, iṣan apá ló wà. Nígbà tó dún, ó gbé obìnrin náà lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, aṣọ ká dé itan. Bíyìí rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Akínkúnlé kò tiẹ̀ na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀; fóònù ló fà yọ. Kí wọ́n tó padà dé Houston, fídíò náà ti dé Ìbàdàn. Apá Kíkẹ́ wú, ó dúdú bí ẹ̀dọ̀. Ó kó ìkòkò, ó lọ fọ̀ wọ́n.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlu Akínkúnlé láàárọ̀ ọjọ́ kan níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n. Ó gba apá òsì, ó gba ẹsẹ̀ òsì, ó fa ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dé ahọ́n, ṣe ló ń ṣàn bí ẹ̀kọ tí kò dì. Kíkẹ́ nìkan ló ń gbọ́ ohun tó bá sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tẹ́tí, wọ́n á mi orí, wọ́n á yíjú sí ìyàwó: "Kí ló ní, Mummy Doyin?"

Ẹ má rò pé àìsàn sọ ọkùnrin náà di ẹni pẹ̀lẹ́. Bí ògì bá gbóná díẹ̀, á tu ú sára aṣọ iṣẹ́ Kíkẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó kù, ó ń fi í já ìyàwó rẹ̀ ní èékánná bó bá ń bá a wọ ṣòkòtò. Lọ́jọ́ kan tí Kíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀, ó wò ó láti òkè, ó ní, "Inú ẹ dùn, àbí, Kúkúrú?"

Kíkẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀ náà tán kó tó dáhùn. Ó ní, "Rárá o, Dádì Doyin. Kò tíì dùn."

Kò nà án, kò febi pa á. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ kì í gbóná tó. Ó máa ń gbé aga rẹ̀ síwájú tẹlifíṣàn, á tan ìwàásù oníwàásù tí ọkọ rẹ̀ kórìíra jù lọ láyé, á gbé rìmóòtù sórí fìríìjì, á sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ni pé láti ìgbà tí Akínkúnlé ti wà ní ọsibítù ni ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé ìbọn náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí ìbọn gígùn yẹn ń lù ú. Ó ń wọ aṣọ alápá gígùn bo ojú ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó tún ń padà lọ.

Nígbà tí àkókò ọdẹ tún dé, Bíyìí pè lórí fóònù. "Mummy Doyin, ẹ jẹ́ kó wá jàre. A máa gbé ìbọn lé nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló máa fi yìn ín." Akínkúnlé gbọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa lo ara rẹ̀ fara mọ́ ọn, ó ní yóò jẹ́ ìṣírí fún un. Ṣùgbọ́n ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ìdí ìbọn náà sí èyí tó fúyẹ́, tó ṣeé fà síwá sẹ́yìn, torí ọrùn ọkùnrin náà kò yí dáadáa mọ́, kò sì lè jókòó bó ṣe ń jókòó tẹ́lẹ̀.

"Kò burú," ni Kíkẹ́ wí. "Màá mú un lọ."

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Stafford, ó kángun sí ibi tí wọ́n ti ń dirun. Òyìnbó arúgbó kan, onírùngbọ̀n funfun, ló ni ín, ó sì ní sùúrù. Ó já ìdí ìbọn mẹ́ta sílẹ̀ lára ògiri, ó tò wọ́n sórí káńtà onígíláàsì. Èkíní fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mì í, ó ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Èkejì lágbára, ó ní ohun tí wọ́n ń yí láti gbé ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sùn sí sókè, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ẹni tó ń dùbúlẹ̀ yìnbọn sí ọ̀nà jíjìn ló wà fún. Ẹ̀kẹta ló gbé sọ́wọ́. Bí wọ́n bá tẹ irin kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, ó ń fà jáde, ó ń wọlé, ó ń dún kà lójú ihò kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà nípọn lẹ́yìn rẹ̀.

"Èyí ló máa bá ọ̀gá mu," ni òyìnbó wí. "Ẹ jẹ́ kí n wọn apá wọn. Ẹ ká ìgúnpá, sà. Láti kọ̀rọ̀ ìgúnpá dé orí ìka ni gígùn rẹ̀."

Akínkúnlé gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè bí ọmọ tí télọ̀ fẹ́ wọ̀n fún aṣọ Kérésì. Kíkẹ́ bọ́ sáàárín wọn.

"Èmi ni kí ẹ wọ̀n."

Òyìnbó dúró. "Mo rò pé ọ̀gá ló fẹ́ máa yìn ín ni."

"Ó ti fi ta mí lọ́rẹ."

Akínkúnlé ta gìrì nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. "Irọ́! Irọ́ ló ń pa! Èmi ni kó o wọ̀n!" Ohun tí òyìnbó gbọ́ kò ju ìró àti itọ́ lọ.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní kí ẹ fà á wọlé dáadáa, torí mo kúrú."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ tọ́ Akínkúnlé léjìká. Ó ní ó dára kí ọkọ máa ro ti ìyàwó rẹ̀. Ó wọn apá Kíkẹ́, ó tú ìdí àtijọ́ kúrò lára ìbọn, ó fi tuntun sí i, ó tì í wọlé títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Kíkẹ́ gbé e sí èjìká. Ó bá a mu bí bàtà ẹni.

"Ǹjẹ́ ẹ lè dè é kó má baà fà jáde mọ́?"

"Ìdè wà fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá dè é síbí, kí ẹni tó ga má yìn ín o. Ojú rẹ̀ á ti sún mọ́ awò orí ìbọn yìí jù, bí ìbọn bá ta sẹ́yìn, irin rẹ̀ á là á lójú."

"Mo ti gbọ́. Ẹ dè é."

Akínkúnlé náà gbọ́. Ó fi ọwọ́ tó kù gbá gíláàsì náà, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ mì. Òyìnbó béèrè bóyá wọ́n á mú ìdí gígùn àtijọ́ lọ sílé. Kíkẹ́ ní kó jù ú nù.

Lórí freeway, Akínkúnlé sunkún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, Kíkẹ́ kò pè é ní "ìwọ" rí. Lọ́jọ́ náà ó pè é.

"Bí o kò bá fẹ́ lọ mọ́, wí fún Bíyìí. Pè é." Ó gbé fóònù lé itan ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bó bá pe Bíyìí títí di ọ̀la, Bíyìí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Akínkúnlé kò fọwọ́ kan fóònù náà.

Nígbà tí wọ́n dé Wharton, ìrì ṣì wà lórí koríko. Bíyìí àti Adétòkunbọ̀ gbé e sórí àga níwájú nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, wọ́n ń kì í: "Akin! Ọkùnrin ogun!" Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ jáde láti inú esùsú, abo ńlá kan ṣáájú, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Akínkúnlé gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn. Àtàǹpàkò rẹ̀ kan imú rẹ̀. Irin awò wà ní bèbè ìpéǹpéjú rẹ̀ gan-an. Ó gbìyànjú láti fa orí sẹ́yìn, ọrùn kò gbà. Ó ní, "Ó kúrú. Ẹ gbé e kúrò. Ẹ gbà mí."

Bíyìí yíjú sẹ́yìn. "Kí ló ní?"

"Ó ní kí ẹ dákẹ́, kí ẹlẹ́dẹ̀ má baà sá."

Wọ́n dákẹ́. Akínkúnlé fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú ojú náà, Kíkẹ́ sì rí i, torí kò sí ohun tó wà lójú ọkùnrin yẹn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ. Kò sọ ọ́. Ọkùnrin náà ì bá sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n níwájú Bíyìí àti Adétòkunbọ̀? Ó fà á.

Irin awò náà là á lókè ìpéǹpéjú dé eegun. Àga dojú dé, ó ṣubú sórí apá tó ti kú, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ìtọ̀ sì rin ṣòkòtò rẹ̀. Bíyìí bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ń rẹ́rìn-ín nínú oko yẹn láti ọdún gbọ́nhan, ẹnu rẹ̀ kò mọ nǹkan mìíràn í ṣe níbẹ̀. Ìgbà tó rí ìtọ̀ ló tó pa ẹnu dé.

Kíkẹ́ ré ọkọ rẹ̀ kọjá, ó gbé ìbọn. Abo ẹlẹ́dẹ̀ náà ń sá, ṣùgbọ́n ó ń dúró de àwọn ọmọ rẹ̀. Kíkẹ́ yìnbọn lù ú. Ìdí ẹranko náà rọ, ó ń fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, ó ń ké bí èèyàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró yí i ká. Kíkẹ́ ń wò ó lójú awò. Kò tètè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ pa á tán, Mummy Doyin," ni Adétòkunbọ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pa á tán."

Ìgbà tó ṣetán ló pa á. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀, ó fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ọmọ wọn, Doyinsọ́lá, ń gbé ní Dallas. Ó pè wọ́n lórí fídíò, ó rí báńdéèjì lójú bàbá rẹ̀. "Mummy, Uncle Bíyìí ní the gun was too short for Daddy. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ohùn ọmọ náà yí padà. "Ẹ mọ̀? Mummy, that's wicked."

"Bó o bá rò pé ìkà ni mí, wá gbé bàbá ẹ. Mo ti kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀."

Doyinsọ́lá ní apartment òun wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ní àwọn ọmọ ń lọ daycare, iṣẹ́ kò sì fún òun láyè. Ó ní òun á pè padà. Kò pè.

Kíkẹ́ fi ata rodo se ẹran abo ẹlẹ́dẹ̀ náà. Ó gbé e síwájú Akínkúnlé, ó bu ú sí ṣíbí, ó na ṣíbí sí i. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé. Kíkẹ́ na ọwọ́ dúró títí ọbẹ̀ fi dì, lẹ́yìn náà ló jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ti rò pé lọ́jọ́ tí òun bá gbẹ̀san, nǹkan kan á fúyẹ́ láyà òun. Kò fúyẹ́. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé bó ṣe jókòó níbẹ̀ tó ń jẹun, tó ń wo báńdéèjì ojú ọkọ rẹ̀, ṣe ló ń ro ohun tí òun tún lè ṣe fún un lọ́la. Ọ̀rọ̀ náà sì ń wá wọ́ọ́rọ́wọ́, ìkan ń ti ìkan.

Ìyẹn ló jẹ́ kó wá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan fún un kí ọ̀gìnnìtìn tó kásẹ̀ nílẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbé e débẹ̀, Akínkúnlé di etí aṣọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, kò fẹ́ jẹ́ kó lọ. Ó ní, "Kíkẹ́, jẹ́ ká lọ sílé." Kíkẹ́ ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ náà ṣì lágbára, títí òṣìṣẹ́ kan fi wá bá a tú ìyókù. Ó jáde, ó wọ ọkọ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Aláìsàn kan ti ń dúró dè é kó wá so òun mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.