Ìka Ẹsẹ̀ Ìyàwó Mi àti Táìlì Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìyàwó mi ti lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ló mú un lọ níkẹyìn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti jọ ń tọ́jú àìsàn kan náà. Mo ti sunkún rẹ̀, mo sì tún máa ń sun ún nígbà míì. Àmọ́ kì í ṣe ikú rẹ̀ ni mo jókòó láti kọ. Ọdún tí a ò mọ̀ bóyá wọn yóò gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ, àti bí ó ṣe kọ̀ láti fi ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìka náà.

Gowon Estate ni à ń gbé. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, aláṣọ funfun ni òun. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni a ti gbà pé kí kálukú máa lọ sí tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, èmi á wọ bàtà dúdú mi, òun á wọ sùtánà, á sì gba ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin lọ láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn aláṣọ funfun mọ̀ pé bí wọ́n bá ti wọ sùtánà, wọn kì í wọ bàtà, ì báà jẹ́ orí iyanrìn, ì báà jẹ́ orí ọ̀dà tí oòrùn ti sun. Ìbejì la bí, nítorí náà Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ni nǹkan ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, ó na ọwọ́ sókè nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn ìka rẹ̀ sì funfun láti orí títí dé oríkèé àárín.

"Ẹ wo ọwọ́ Ìyá Ìbejì," ni obìnrin tó kúnlẹ̀ tì í wí. "Ó ti funfun bí aṣọ ọrùn rẹ̀."

Wọ́n ní Ẹ̀mí ló fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kó máa wá fi omi kànga ṣọ́ọ̀ṣì wẹ̀ ní ìdájí, kí oore náà má baà kúrò lára rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń wẹ̀. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ṣé àmì náà kì í dùn ọ́?" mo bi í.

"Ó máa ń ta mí díẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà bọ̀."

"Ẹ̀mí á wá máa ta èèyàn bí agbọ́n?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ n gbádùn àmì mi jàre."

Kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ìka rẹ̀ ti wú, awọ wọn sì ti fà, ó ń dán bíi rọ́bà. Kò lè ká ọwọ́ kò mọ́. Oúnjẹ ń há a láyà. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Ìkòtún, wọ́n ní làkúrègbé ni, wọ́n fún un ní oògùn ara ríro. Awọ ojú rẹ̀ náà fà, àwọn ìlà tó wà níbẹ̀ sì pòórá. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Ẹ wá wò mí o. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń darúgbó, èmi ń padà sí ọmọge." Lẹ́yìn náà ni egbò yọ sí ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Egbò kékeré ni, kò ju hóró àgbàdo lọ, ṣùgbọ́n kò san.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ní òdìkejì ìlú ni a ti rí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Obìnrin ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, àwọn àìsàn oríkèé ló sì kọ́ ní àkànṣe. Ó gbìyànjú láti fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ìyàwó mi sókè, kò rí nǹkan fà. Ó fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ìdí èékánná rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa níbi tí ẹ̀dọ̀fóró parí sí, ó sì ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó pe orúkọ àìsàn náà fún wa: sikilẹrodámà.

Ó ní kì í ṣe kòkòrò ni, a ò kó o lára ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè kó o lára wa. Ó ní ara ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń bá kòkòrò jà, pé nínú àìsàn yìí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ṣìnà, wọ́n dojú kọ ara tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Awọ á máa le, àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà á máa tín-ínrín.

"Ó ti yé mi," ni ìyàwó mi wí. "Ọlọ́dẹ tí àdúgbò gbà ló gbé kóńdó, tó ń na àwọn onílé."

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Mọ́mì. A ò tíì ní oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n a lè gba kóńdó lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó fún un ní oògùn tó ń dẹ ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, òmíràn tó ń ṣí iṣan kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ìka, àti èyí tí kò ní jẹ́ kí omi kíkan inú ikùn máa ru gòkè. Ó ní kí a ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a máa wò ó nílé, nítorí àìsàn náà lè yọ́ wọ kíndìnrín láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kó máa padà wá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kí àwọn lè mọ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣe sí. Ó tún sọ ohun kan tí mo máa ń sọ fún èèyàn títí di òní: kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìka rẹ̀ ń funfun nínú òtútù ló ní àìsàn yìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá rí i lọ yẹ ara rẹ̀ wò kíákíá, nítorí ohun tí awọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró bá ti pàdánù, ó ṣòro láti gbà padà.

Lẹ́yìn náà ni dókítà kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ìyàwó mi. "Òtútù ni ọ̀tá ìka yìí. Tí ẹ bá ń tẹ ilẹ̀ tútù, kò ní san. Tí kò bá san, a lè ní láti gé e."

"Mo lè wọ ìbọ̀sẹ̀ nílé. Mo lè wọ̀ ọ́ lọ́jà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Níbi gbogbo, Mọ́mì."

À ń padà sílé, a dé Ìdímù. Mo ní kó máa bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tèmi fún ìgbà díẹ̀, pé a kì í bọ́ bàtà níbẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Ibẹ̀ náà dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tèmi ni mo ti ń jó fún Olúwa láti kékeré. Tí mi ò bá lè fi ẹsẹ̀ yìí jó níbẹ̀ mọ́, kí ni mo tún fẹ́ fi í ṣe?"

Ilé yí padà. Èmi ni mò ń ṣí fíríìjì, èmi ni mò ń fọ ẹja tó bá dì. A gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní apá orí, kí omi kíkan má baà ru gòkè lóru. Ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, léraléra. Ní àárọ̀, á ti ọwọ́ bọ òróró tó lọ́wọ́ọ́wọ́, á máa na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì la ẹnu gbàgà níwájú dígí kí ẹnu náà má baà kéré sí i. Ìbejì á bá a la ẹnu lórí fóònù láti ibi tí wọ́n ti ń kàwé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ó ń tẹ táìlì ṣọ́ọ̀ṣì, egbò náà sì ń jìn sí i.

Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ bá Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ wọn. Ìyá Ìjọ, àgbà nínú àwọn obìnrin, jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, táìlì náà sì tutù dé egungun. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Bàbá Olùṣọ́ fetí sílẹ̀ dáadáa. "Ìyá Ìbejì, ilẹ̀ mímọ́ ni. Tí mo bá gba ìbọ̀sẹ̀ fún yín lónìí, àwọn ọ̀dọ́ á wọ kánfáàsì wá lọ́la."

"Bàbá, ẹsẹ̀ mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù, ẹ máà bẹ̀rù."

Ìyá Ìjọ rẹ́rìn-ín, ó sì fa ẹsẹ̀ ìyàwó mi sí orí itan ara rẹ̀. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án."

Bàbá Olùṣọ́ na ọwọ́. Kò tètè gbé e kúrò.

"Omi kànga tí ẹ ní kó máa fi wẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Ìjọ tún bi í. "Omi la yà sí mímọ́. Ta ló ya òtútù sí mímọ́?"

Bàbá Olùṣọ́ ní kí wọ́n máa gbé omi náà kaná. Ní ti ẹsẹ̀, ó ní bàtà kò ní wọlé, ìbọ̀sẹ̀ ọjà náà kò ní wọlé. Ó wá wo etí sùtánà tirẹ̀.

"Sùtánà kò ní ìwọ̀n tó yẹ kó gùn mọ," ó ní. "Ẹ rán tiyín kó gùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, èmi ò ní bèèrè."

Ìyàwó mi ra ìyókù aṣọ sùtánà lọ́wọ́ aránṣọ ìjọ, aránṣọ náà sì fi òwú nípọn sí i nínú, ó rán an mọ́ etí sùtánà rẹ̀ bí àpò fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan fi ṣẹ̀fẹ̀. Obìnrin kan bi í bóyá ó ti ń múra àtilọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ìwé ìrìnnà nìkan ló kù.

Egbò náà kò yára san. Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń dì í, mò ń wò ó bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run fún òjò. Ní ọjọ́ kan, ẹran pupa tuntun hàn ní etí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà tú báńdéèjì náà, ó fi ìka tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ìka yìí á dúró, Mọ́mì. A ò ní gé e."

"Ṣé mo lè jó?"

"Ẹ jó. Ẹ má ṣáà jó nínú òtútù."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó lọ dúpẹ́, mo sì bá a lọ. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó lọ síwájú pẹpẹ, èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn láìwọ bàtà, mi ò mọ orin náà. Ó yíjú padà wò mí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ò mọ̀ ọ́n jó rárá."

Mo ní kò burú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àpò òwú náà ni mò ń wò. Ó ń fi gbogbo rẹ̀ tẹ ilẹ̀.