Ẹsẹ̀ Tó Wà Lórí Bíréèkì

Orúkọ awakọ̀ ìdíje tí mo fẹ́ràn jù láyé ni aládùúgbò wa ní Máfolúkù kọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Orúkọ náà ni gbogbo òpópónà wa fi ń pè é. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, inú á bí mi.

Mo mọ ẹni tó ni orúkọ yẹn dáadáa. Láti sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń wo ìdíje rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nílé tí àwọn ọkùnrin ti máa ń wo bọ́ọ̀lù, kí àwọn tó sanwó láti wo bọ́ọ̀lù tó dé lé mi dìde. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbà á kò rí já jẹ. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń pààrọ̀ táyà, òun ní láti ṣìkẹ́ tirẹ̀ dé òpin eré. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ẹ̀sọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá fi máa mú un, tó sì ń gba ife léraléra, ẹ̀sọ̀ ti mọ́ ọn lára. Bó bá ń bọ̀ ní kọ́nà, ó máa ń tẹ bíréèkì gidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ojú ọkọ̀ ṣì wà níwájú gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń yí sítíárìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kúrò lórí bíréèkì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa apá yọ lábẹ́ orí ọmọ tó ti sùn. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í mì. Bí òjò bá rọ̀, tí àwọn yòókù ń pòyì kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ó rò pé òun kò tilẹ̀ sáré. Òun náà ni yóò sì ṣíwájú.

Aládùúgbò wa yìí, tó ń fi táksí gbé èrò ní pápákọ̀ òfurufú, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ló rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí àǹtí mi bímọ ní ọsibítù kan ní Ìsọlọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé ká má jẹ́ kí ohunkóhun mì í jìgìjìgì, kí ojú abẹ má baà ya. Mo ní ká wá ọkọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wa. Ìyá wa kọ̀.

"Aládùúgbò fẹnu ara rẹ̀ ní òun ó wá gbé wa, kí n wá ní rárá? Ojú wo la ó máa fi kí ara wa láàárọ̀?"

Mo jókòó síwájú. Àǹtí mi àti ìyá wa wà lẹ́yìn, ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá wa. Láàárín àwọn tírélà tó tò síwájú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìsọlọ̀, ọkùnrin yìí á sáré dé ìdí tírélà kan, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kò sì ní gbẹ́sẹ̀ kúrò títí ọkọ̀ á fi dúró gbì. Orí gbogbo wa á lọ síwájú. Àǹtí mi á ké, "Yéè!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀ kó tó dúró tán. Ìparí yẹn ló ń mì wọ́n."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ìwọ tí o ò tíì wa kẹ̀kẹ́ ọmọdé rí! Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí ṣá?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ni ín kì í wakọ̀ báyìí."

"Họ́wù! Ṣé ẹ jọ ń gbélé ni? Màmá, ẹ bá mi gbọ́ o, ọmọ yín ti lọ́kọ lókè òkun!"

Ìyá wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ń ṣe lóore. Ó dùn mí dé egungun.

Ní Apakun, jíìpù kan yà wá sílẹ̀. "Èmi lo ṣe é sí?" ni ọkùnrin náà wí, ó sì gbá tẹ̀ lé e. Bí ẹnìkan ṣe ti bárò ọjà rẹ̀ bọ́ sójú títì nìyẹn. Awakọ̀ wa tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Àǹtí mi kò ké mọ́. Ó kàn di ikùn mú, ó fi eyín há ètè.

Nígbà tí a délé, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára ìró rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà la gbé e padà. Wọ́n tún ojú abẹ rán, wọ́n sì dá a dúró. Ọkùnrin yìí wá kí wa. "Ọ̀nà yẹn ni ò dáa. Ìjọba ló yẹ kó tún un ṣe." Ìyá wa sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo jáde síta kí n má baà bú àgbàlagbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ní ká máa lọ, ọkọ̀ rẹ̀ ni mo rí lẹ́nu géètì. Ìyá wa ti ń kó ẹrù sí búùtù.

"Àǹtí, ẹ má wọ̀ ọ́," ni mo wí.

Àǹtí mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó, ó fa ìró ọjọ́ náà yọ nínú báàgì rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ síwájú sítíárìn, ojú ẹ̀jẹ̀ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì fọ̀ ọ́. Ẹ máa wò ó lọ."

Ọkùnrin náà ṣíná ọkọ̀. Láti ẹ̀yìn, mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi àyè sílẹ̀ fún tírélà. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọra gòkè, díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á sì dúró bí ẹni pé kò rìn tẹ́lẹ̀. Apakun kọjá. Ọmọ kò jí.

Ìyá wa fìgbọ̀nwọ́ gún mi. "O ò rí i? Mo ní ó mọ ọkọ̀ wà."

Òótọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, ó mọ̀ ọ́n. Bó bá ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá ti dárí jì í.