Bàbá Ta-ló-rí-i àti Ọwọ́ Muideen

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dáná sun Muideen ní Mile 12, táyà ti wà lọ́rùn rẹ̀. Bárò tó fi ń kó ẹrù oníbàárà ti dojú dé. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ kò ju pé ó bọ Mutolib aláàárù lọ́wọ́ lọ, láti kí i kú àárọ̀. Mutolib di abẹ́ mú, ó fi igbe ta pé kinní òun ti pòórá, pé Muideen ti fi ọwọ́ gbà á lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, igi ti dé, òkúta ti dé. Àwọn kan ń wá pẹtiróòlù. Àwọn tó kù ń ya fídíò.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Àbúdù dé, gbohùngbohùn kékeré kan wà léjìká rẹ̀, ó gbé e kọ́ bíi báàgì obìnrin. Oníròyìn ni tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ṣe títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Ó tẹ gbohùngbohùn náà.

"Ta ló rí i?"

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀," ni ẹni tó mú pẹtiróòlù dání wí. "Olè kinní ni."

"Mo ti gbọ́. Ta ló rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́?"

Onípẹtiróòlù ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà lẹ́yìn òun. Ti ẹ̀yìn ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu onípẹtiróòlù.

"Ó dáa. Mutolib, bọ́ ṣòkòtò."

Mutolib kọ̀. Ó ní ojú ń ti òun.

"Ojú wo ló ń tì ọ́? Ṣebí o ní kò sí nǹkan níbẹ̀."

Bàbá mú un lọ sẹ́yìn àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì, òun pẹ̀lú àgbàlagbà méjì. Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá wúkọ́, ó dúró gbọn-in bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn aago méje.

"Ẹ̀yin ará ọjà, a lọ, a sì rí i. Ó wà níbẹ̀. Kò tóbi, àmọ́ ó wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín ló gba Muideen sílẹ̀. Ẹni tó ń di inú mú kò lè sọ òkúta kó ba nǹkan. Wọ́n yọ táyà lọ́rùn rẹ̀. Mutolib kò dúró kó òṣùká rẹ̀. Àwọn èèyàn ní Ojota ló sá lọ, ṣùgbọ́n Bàbá kò gbà kí wọ́n sọ ọ́ níwájú òun, torí kò sẹ́ni tó rí i níbẹ̀.

Bàbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi Màmá Sàfúrátù, ìyàwó rẹ̀. Ó lọ́jọ́ kan tí ìròyìn bọ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí pé ẹ̀gbọ́n Màmá kú ní Ìsẹ́yìn. Ilé gbóná fún ẹkún. Màmá ti ń yí nílẹ̀. Ojú Bàbá gbẹ táútáú.

"Daddy, ẹ̀gbọ́n mi kú, omijé kan ò tiẹ̀ jáde lójú yín?"

"Mi ò tíì rí i," ni Bàbá wí, ó sì lọ wọ mọ́tò.

Nígbà tó kan ilẹ̀kùn ní Ìsẹ́yìn, òkú ló ṣí i. Iṣu sísun wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá pe ilé.

"Màmá Sàfúrátù, mo ti rí òkú. Ó ní kí n kí ọ. Inú ń bí i pé o ò fi nǹkan rán mi."

Ohun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ ọ́ pé ilé ń jó ní Gbàgádà, gbogbo orí fóònù ló ti gbé e. Bàbá ní òun á kọ́kọ́ lọ wò ó. Ó dé ibẹ̀, ó bá ìyá kan tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Ohun tó rí náà ló kọ: ìyá kan ń yan ẹja ní Gbàgádà. Wọ́n ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Wọ́n ní ayé ti yí, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní fóònù ti di oníròyìn.

"A dúpẹ́," ni Bàbá wí. "Ẹni tó ní ọ̀bẹ náà ti di dókítà nìyẹn."

Ọmọ kan wà tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, Dayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Dayọ̀ dá péèjì ìròyìn tiẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ó gba ọ́fíìsì sí Mende. Òun ló gbé fídíò Muideen jáde: ẹ̀jẹ̀ lójú, táyà lọ́rùn, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé Ọwọ́ Tẹ Olè Kinní. Ó gé fídíò náà kí Bàbá tó dé. Ibi tí Mutolib ti kọ̀ tí kò bọ́ ṣòkòtò kò sí níbẹ̀. Ibi tí ọjà ti rẹ́rìn-ín kò sí níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ sun ọmọ ọlọ́mọ bí ẹran, Dayọ̀ gé ìdájọ́ dànù, ó fi ẹ̀jẹ̀ polówó ọjà.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bọ Muideen lọ́wọ́ mọ́. Oníbàárà á ju owó sínú bárò, á yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ á kí i láti òkèèrè, ọwọ́ á wà lápò. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn gan-an ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, tó bá ń kọjá, wọ́n ń di abẹ́ mú.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń wá láràárọ̀. Á na ọwọ́ sí Muideen níwájú gbogbo oníbárò, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pẹ́, á máa mì í bí ẹni tó ń fa omi. Lẹ́yìn náà, á fa ẹnu ṣòkòtò ara rẹ̀ síwájú, á wo inú rẹ̀ dáadáa, á gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ó wà níbẹ̀."

"Bàbá, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ ń dójú tì mí."

"Wọ́n ń gbé irọ́ rẹ kiri lójoojúmọ́. Èmi náà á máa gbé òótọ́ kiri lójoojúmọ́."

Lọ́jọ́ tínú rẹ̀ bá dùn, á fi kún un pé ó ti darúgbó o, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Bó bá kúrò lọ́jà, ó di Mende, láti ní kí Dayọ̀ tún ìròyìn náà ṣe. Loveth, ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà Dayọ̀, ti mọ̀ ọ́n débi pé á ti gbé àga sílẹ̀ dè é.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Dayọ̀ wí, "eré ni ìròyìn ayé ìsinsìnyí. Kí n tó lọ wò ó, ẹlòmíràn á ti gbé e."

"Jẹ́ kó gbé e. Ṣé wọ́n ní tí o ò bá purọ́ lónìí, irọ́ á tán ni?"

"Bàbá, àtúnṣe kì í rìn. Àwọn èèyàn kì í kà á."

"Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ṣùgbọ́n irọ́ tìẹ gun ọ̀kadà, òótọ́ tèmi ń fẹsẹ̀ rìn. Gbé tèmi náà gun ọ̀kadà."

Nígbà tó sú Dayọ̀, ó gbé àtúnṣe jáde, ìlà kan ṣoṣo, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ tó ń bó ara. Bàbá wọ awò, ó bọ́ awò, ó gbé fóònù sún mọ́ imú.

"Dayọ̀," ó ní, "ti Mutolib tóbi ju èyí lọ."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Bàbá. Ó ṣubú sílẹ̀ lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mọ́tò dí ojú ọ̀nà pa, Muideen bá gbé e sínú bárò, ó ń sáré tì í lọ sí hòsípítù ní Ketu. Bàbá la ojú lẹ́ẹ̀kan.

"Rọra," ó ní. "Èmi kì í ṣe tòmáàtì."

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ Muideen mú. Kò jù ú sílẹ̀ títí ọwọ́ Bàbá fi tutù.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kò tíì gbẹ tí Dayọ̀ fi gbé e: Olè Kinní Ti Pa Ẹni Tó Gbà Á Sílẹ̀. Ó Dì Í Lọ́wọ́ Mú Títí Ẹ̀mí Fi Bọ́.

Ọwọ́ ìfẹ́ ni wọ́n sọ di ọwọ́ ìkà. Nígbà tí Muideen dé ọjà, àwọn oníbárò ti sún bárò wọn jìnnà sí tiẹ̀. Ó rí bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ó mọ ìwò yẹn. Táyà kì í wọ́n ní Mile 12, ẹni tó máa béèrè ta ló rí i sì ti wà nínú ilẹ̀.

Ó gba ilé Bàbá lọ. Màmá Sàfúrátù wà nínú opó, ó na gbohùngbohùn náà sí i láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Bàbá ní tìẹ ni. Má fọ́ ọ o."

Ó di Mende. Dayọ̀ ń jẹun nígbà tí Muideen tẹ gbohùngbohùn náà sí i lójú.

"Ta ló rí i?"

"Guy, rọra."

"Ta ló rí i pé mo pa Bàbá?"

"Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí wa."

"Ṣé ìwọ gbà á gbọ́?"

Dayọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń gba irú ẹ̀ gbọ́? Iṣẹ́ ni, jàre."

Muideen na ọwọ́ sí i. "Bọ̀ mí lọ́wọ́."

Dayọ̀ wo ọwọ́ náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó rọra fi ọwọ́ tiẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

"Ọmọ tí Bàbá kọ́ níṣẹ́," ni Muideen wí. "O ò gbà á gbọ́, o gbé e jáde. O gbé e jáde tán, ìwọ fúnra rẹ ń bẹ̀rù rẹ̀."

Loveth ló dìde, ó fa ọwọ́ tó nà náà, ó bọ̀ ọ́.

"Oga Muideen, no vex. Me, I no get wetin you wan thief."

Ẹ̀rín gbọn Muideen lẹ́nu, kò jáde. Ìbínú ló gbé délé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó dúró ti bárò rẹ̀. Àkókò tí Bàbá máa ń dé tó, kò sẹ́ni tó wá. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ya àárín èrò bọ̀. Mutolib ni. Ó ti rù. Ó ní Ojota lòun wà. A ti rí ẹni tó rí i níbẹ̀ wàyí: òun fúnra rẹ̀.

"Mo ka ohun tí wọ́n kọ," ni Mutolib wí. "Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi láàárọ̀, pé wọ́n ti ń gba kinní kiri ọjà. Bí o ṣe bọ̀ mí lọ́wọ́ báyìí, ara mi tutù. Mi ò tiẹ̀ wò ó."

Muideen ti di ẹ̀ṣẹ́. Ó wù ú kó lù ú. Mutolib na ọwọ́. Muideen jẹ́ kí ọwọ́ náà wà ní nínà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbà á, ó fún ọwọ́ náà pọ̀ títí Mutolib fi fajú ro.

Mutolib fa ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ síwájú lójú gbogbo ọjà. Ó wò ó. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Muideen.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní.

Ohùn àgbàlagbà kan wá látẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Bàbá lọ wò ó lọ́jọ́sí.

"Ṣé ó ti tóbi?"

Ọjà tú yẹ́ẹ́ fún ẹ̀rín. Muideen rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà kò sì dá mọ́. Oníbárò kan wá, ó yọ ọwọ́ lápò, ó nà án. Òmíràn tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tán, kálukú ń wo ṣòkòtò ara rẹ̀.

Muideen bojú wẹ̀yìn, bóyá Bàbá gbọ́. Ó gbé gbohùngbohùn náà kọ́ èjìká bíi báàgì obìnrin, ó na ọwọ́ sí ẹni tó kàn.